Páànù dúdú àbí funfun? Káfíńtà mi ní dúdú ń fa oòrùn

OmoEbedi (Ọjọ́ Àìkú, 7:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Ilé tí mò ń kọ́ ní Ìsẹ́yìn ti dé orí òrùlé, ìjà sì ti bá a dé. Ìyàwó mi rí ilé kan ní Ìbàdàn tí òrùlé ẹ̀ dú bí kóró iṣin, tó ń dán, ó ní òun ò fẹ́ òmíràn mọ́. Káfíńtà mi ní tí a bá fi dúdú bolé, inú yàrá máa di ààrò ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, torí dúdú máa ń fa oòrùn. Ẹni tó ń ta páànù ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé alúmínìọ́mù ni gbogbo wọn, oòrùn kan náà ló sì ń ràn lé wọn lórí. (Dúdú ló pọ̀ jù nínú ọjà tó kó sílẹ̀, ẹ fìyẹn sọ́kàn.)

Èmi mọ̀ pé bí mo bá wọ dàńṣíkí dúdú lọ síbi ìsìnkú lọ́sàn-án, mo máa ń làágùn ju ẹni tó wọ funfun lọ. Ṣùgbọ́n ṣé bí aṣọ ṣe ń ṣe ni páànù náà ń ṣe? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n sanwó. Ẹ gbà mí o.

KafintaAgba (8:05 alẹ́)

Káfíńtà ẹ ò parọ́. Mo ti ń gun òrùlé láti ọdún 1986. Ẹni tó bá gun páànù dúdú láago méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Sálúbàtà rọ́bà mi ti rọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn rí, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó funfun, èèyàn ṣì lè fọwọ́ tì í.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò yé mi títí dòní, kí àwọn tó kàwé bá mi dá sí i. Páànù àtijọ́, èyí tó ń kọ mọ̀nà tí kò ní ọ̀dà kankan lára, ojú ò ṣeé gbé wò ó lọ́sàn-án, bó ṣe ń ta ìmọ́lẹ̀ padà tó. Tó bá jẹ́ ìtapadà yẹn nìkan lọ̀rọ̀ wà, ó yẹ kó tutù ju gbogbo wọn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òun náà máa ń jó èèyàn.

BossAlumi (8:31 alẹ́)

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ẹ ra èyí tó nípọn ní mìlímítà 0.55, ẹ má ra 0.45. Páànù tó bá nípọn ni ooru ò ní ráyè gbà kọjá. Àwọ̀ fún ẹwà ni.

KafintaAgba (8:38 alẹ́)

Bọ̀ọ̀sì, ẹ kú ọjà o. 0.55 dáa, mo gbà, torí ìjì àti torí àwa tí à ń rìn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ju 0.45 lọ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ooru wo nìyẹn fẹ́ dá dúró? Ìkòkò tí wọ́n fi ń sebẹ̀ nílé yín nípọn ju méjèèjì lọ, ṣé iná kì í dé inú ọbẹ̀ ni?

BossAlumi (8:40 alẹ́)

😂 Bàbá, mo ti gbà.

TisaFisiksi (Ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀)

Bàbá Káfíńtà, ìbéèrè tí ẹ bi yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ síléèwé.

Ìtànṣán oòrùn tó bá bọ́ lu páànù, páànù lè ta á padà, ó sì lè gbé e mì. Èyí tó bá gbé mì ló ń di ooru. Ohun tó mú ká máa rí nǹkan ní dúdú ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ lù ú ò padà wá bá ojú wa mọ́. Ọ̀dà funfun tó mọ́ máa ń ta nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún padà, dúdú ò ju nǹkan bí márùn-ún lọ. Lọ́sàn-án gangan tí kùrukùru ò sí, oòrùn ń da nǹkan bí 1,000 wáàtì sórí ibi tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Tí òrùlé OmoEbedi bá gba ọgọ́rùn-ún irú ibẹ̀, dúdú á gbé nǹkan bí 95,000 wáàtì mì, funfun á gbé 20,000. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ máa ń jẹ tó 1,000 wáàtì. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: áyọ́ọ̀nù márùndínlọ́gọ́rùn-ún lórí ilé kan, ogún lórí èkejì. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé o, afẹ́fẹ́ ń gbé púpọ̀ lọ, òrùlé fúnra ẹ̀ náà sì ń tú òmíràn dà sójú ọ̀run.

Ìtúdànù yẹn ni páànù tó ń kọ mọ̀nà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohunkóhun tó bá gbóná máa ń tú ooru jáde bí ìtànṣán tí ojú ò lè rí, irú èyí tí ẹ máa ń mọ̀ lára tí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀dà mọ̀ ọ́n tú dáadáa, ìbáà jẹ́ funfun, ìbáà jẹ́ dúdú. Irin tí a ò kùn ló láhun. Ó ń ta oòrùn tó pọ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá ti gbé mì, kì í fẹ́ kó lọ mọ́. Bó ṣe ń gbóná tó fi ń jó yín lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

KafintaAgba (6:50 àárọ̀)

Ẹ wò ó! Láti 1986. Tíṣà, Ọlọ́run á bá wa dá yín sí. Ahun ni páànù wa látọjọ́ yìí.

IyaElubo_Saki (9:15 àárọ̀)

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ò kàwé rẹpẹtẹ, èlùbọ́ ni mò ń tà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí dúdú lè ṣe. Orí àpáta ni àwọn ìyá wa ti ń sá iṣu látayébáyé. Ojú ibi tí omi òjò ti ń ṣàn kọjá lórí àpáta, tó ti dú, ẹsẹ̀ ò ṣeé fi lé e lọ́sàn-án. Ibi tó mọ́, a lè jókòó síbẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá mo ra tapólì dúdú. Iṣu ọjọ́ kan náà, tí a bọ̀ nínú ìkòkò kan náà, a sá ìdajì sórí tapólì dúdú, a sá ìdajì sórí àpò ìrẹsì funfun tí a tú. Ti orí dúdú fi odindi ọjọ́ kan ṣáájú. Inú mi dùn, mo bá da ti ọ̀sẹ̀ kejì sórí ẹ̀ rẹpẹtẹ, ó kún dẹ́nu. Kò yá rárá! Ọmọ mi obìnrin ló là mí lójú: ó ní, "Màámi, ẹ ti bo tapólì mọ́lẹ̀ pátápátá. Iṣu funfun ni oòrùn ń rí báyìí." Láti ìgbà náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mò ń sá a, kí dúdú lè máa yọjú láàrin.

Nítorí náà, OmoEbedi, tó bá jẹ́ pé o fẹ́ sá èlùbọ́ sínú yàrá ẹ, fi dúdú bolé.

OmoEbedi (9:22 àárọ̀)

Ìyá wa, ẹ ti pa mí 😂😂 Mo máa ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn fún ìyàwó mi.

OniKorope (10:02 àárọ̀)

Mọ́tò lèmi mọ̀ o. Kòròpè mi funfun, ti ọ̀rẹ́ mi dúdú, gáréèjì kan náà la ń gbé wọn sí. Lọ́sàn-án, èrò máa ń kọ̀ láti wọ tiẹ̀ ṣáájú, àfi tó bá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

OmoOyoNiBronx (2:47 ọ̀sán)

Ẹ kú ilé o. OniKorope, òótọ́ lẹ sọ. Àwọn olùwádìí ní iléeṣẹ́ ìwádìí Lawrence Berkeley ní California gbé irú mọ́tò kan náà méjì sínú oòrùn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ fàdákà, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2011. Afẹ́fẹ́ inú ti dúdú fi nǹkan bí 5 sí 6°C gbóná ju ti èkejì lọ.

Níbi tí mo wà yìí, òrùlé tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ohun tó jọ ọ̀dà títì ni wọ́n sì fi ń bò wọ́n, dúdú kirikiri. Tí oòrùn bá mú, àwọn tó ń gbé àjà tó ga jù ló ń jìyà jù. Láti 2009 ni ìjọba ìlú New York ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kun àwọn òrùlé wọ̀nyí ní funfun. Mo bá wọn ṣe é nígbà kan. Ìdajì òrùlé la kùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún kan dúdú, kí n fi tòsì kan funfun. N kò lè gbé ọ̀tún sílẹ̀ ká ka ení, èjì. Ohun tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó agbára iná ń sọ ni pé òrùlé lásán lè gbóná dé 65°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, àti pé èyí tó ń ta oòrùn padà lè fi 28°C tutù jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti òní. Benjamin Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olóṣèlú Amẹ́ríkà àtijọ́, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ obìnrin kan, Mary Stevenson, ní 1761. Ó gba àwọn ègé aṣọ tí aránṣọ fi ń han oníbàárà, dúdú, aró tó dú, aró tó mọ́, àwọ̀ ewé, pupa, ìyeyè, funfun, ó tò wọ́n sórí yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn ràn. Láàárín wákàtí díẹ̀ dúdú ti rì sínú yìnyín débi pé oòrùn ò bá a mọ́. Aró tó dú fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tó o. Funfun ò rì rárá. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun tó ń rìn nínú oòrùn ilẹ̀ olóoru kò fi máa wọ funfun.

OlukoEde (4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá fi pín ayé: dúdú, pupa, funfun. Aṣọ tí a rẹ láró, dúdú là ń pè é. Ewé tó yọ̀, ó dúdú minimini ni. Ìyeyè wà lábẹ́ pupa. Àwọn òyìnbó kan ń rò pé ojú wa ò ríran dáadáa ni. Ẹ wá wò ó, aró àti dúdú rì papọ̀ nínú yìnyín Franklin. Ó jọ pé yìnyín yẹn gbọ́ Yorùbá.

TisaFisiksi (5:33 ìrọ̀lẹ́)

Ọ̀gá OlukoEde, ẹ mú mi rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ewé máa dà yín. Nǹkan bí ìdajì agbára tó wà nínú ìtànṣán oòrùn ni ojú ènìyàn ò rí rárá. Ewé gbé púpọ̀ nínú èyí tí a rí mì, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi dú lójú wa, àmọ́ nínú èyí tí a ò rí, ó ń ta nǹkan bí ìdajì padà. Omi tó ń gbẹ kúrò lára ẹ̀ tún ń mú un tutù. Ẹ fọwọ́ kan ewé mángòrò lọ́sàn-án, ẹ wá fọwọ́ kan páànù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé mángòrò. Lójú, wọ́n jọra. Lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ lọ̀tọ̀.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ti ń lo ọgbọ́n yìí. Ọ̀dà wà báyìí tó dú lójú, tàbí tó pọ́n bí amọ̀, tó sì ń ta èyí tí ojú ò rí padà. Kò lè dé ibi tí funfun dé, torí ó ṣì ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí a rí mì, ṣùgbọ́n ó sàn ju dúdú lásán lọ. Tí ọlọ́jà bá ní irú ẹ̀ ni òun ní, OmoEbedi, kó fi ìwé tí iléeṣẹ́ tó ṣe é kọ ìwọ̀n ìtapadà ẹ̀ sí hàn ẹ́. Ẹnu lásán ò tó.

AlfaIlorin (9:04 alẹ́)

Salaam alaykum. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ní ẹ̀rí kan tó gbè yín, mo sì ní ìbéèrè kan tó lè dojú ọ̀rọ̀ yín dé.

Ẹ̀rí ọ̀hún: ẹni tó bá ti lọ sí Mẹ́kà mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán la fi ń yípo Káábà lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í jóni. Mábù funfun ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n gbé e wá láti erékùṣù Thasos nílẹ̀ Gíríìsì. Bí èèyàn bá jáde bọ́ sórí títì ọlọ́dà láìwọ bàtà, á mọ ìyàtọ̀.

Ìbéèrè mi wá nìyí: tí dúdú bá burú tó báyìí, kí ló dé tí àwọn Lárúbáwá darandaran inú aṣálẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Bedouin, fi ń wọ aṣọ dúdú fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀? Ṣé àwọn ò mọ ooru ni?

AbikeAlaso (9:11 alẹ́)

Hmm. Ẹ dáhùn o. Alfa ti gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé.

TisaFisiksi (9:58 alẹ́)

Alfa, wọ́n ti béèrè ìbéèrè yín gan-an rí, nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì *Nature*, lọ́dún 1980. Àwọn olùwádìí mú ẹnì kan lọ sínú aṣálẹ̀ Negev, wọ́n ní kó dúró sínú oòrùn ọ̀sán, kó wọ aṣọ Bedouin dúdú, lọ́jọ́ mìíràn kó wọ funfun, wọ́n tún dán aṣọ ṣọ́jà àti ṣòkòtò péńpé wò. Aṣọ dúdú fúnra ẹ̀ gbóná ju funfun lọ, kò síyè méjì. Ṣùgbọ́n ooru tó dé ara ẹni tó wọ̀ ọ́, bákan náà ni. Àfikún ooru tí dúdú gbé mì ti bá atẹ́gùn lọ kó tó dé awọ ara.

Bí aṣọ ọ̀hún ṣe fẹ̀ ló fà á. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú ẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gbóná, ó sì ń gba ọrùn jáde. Ẹni tó bá ti wọ agbádá rí ò nílò kí n ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ dàńṣíkí tó fún mọ́ OmoEbedi lára níbi ìsìnkú ni, ooru dúdú yẹn ò níbi tó máa gbà, àfi ara ẹ̀.

AlfaIlorin (10:06 alẹ́)

Alhamdulillah. Mo ti rí ìdáhùn.

OmoEbedi (10:09 alẹ́)

Ṣé kí n wá rán agbádá fún ilé ni?

KafintaAgba (10:31 alẹ́)

Rẹ́rìn-ín o, àmọ́ òun gan-an ni. Àlàfo tó wà láàrin páànù àti àjà ni agbádá ilé. Àwọn ọmọ káfíńtà ìwòyí á dí etí òrùlé pa, wọ́n á gbé gébù (ògiri onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ òrùlé) dúró láìlu ihò kankan sí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná á há sókè bí ẹni wọ súẹ́tà. Láyé ìjọ́sí a máa ń fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé, a óò tún fi sílẹ̀ lókè gébù, kí ti ìsàlẹ̀ máa wọlé, kí ti òkè máa jáde. Kan nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí àdán. Sọ fún káfíńtà ẹ pé mo ní kó má dí i.

TisaFisiksi (10:45 alẹ́)

Bàbá ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe máa sọ ọ́ lọ. Kí n kàn fi kún un: tí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra bébà alúmínìọ́mù tó ń dán, ẹ ta á sábẹ́ òrùlé, kí ojú dídán ẹ̀ kọjú sí àlàfo. Páànù gbígbóná fẹ́ máa tú ooru dà sórí àjà, bébà yìí ò ní tú u. Ahun tí a bú lórí òrùlé láàárọ̀, òun la ń wá lábẹ́ ẹ̀ báyìí.

AbikeAlaso (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Ẹ gba mí láyè. Wọ́n sọ fún wa níléèwé pé ohun tó ń fa ooru dáadáa ló ń tú u dáadáa. Ṣé kì í ṣe pé òrùlé dúdú á tètè tutù lóru nígbà náà, tí gbogbo ẹ̀ á fi dọ́gba?

TisaFisiksi (1:15 ọ̀sán)

Àǹtí Àbíkẹ́, òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n lórí irú ìtànṣán kan náà ni. Èyí tí òrùlé ń tú lóru kì í ṣe irú èyí tó gbà lọ́sàn-án. Nínú ti òru, ọ̀dà funfun náà "dúdú" ni, ó ń tú nǹkan bí àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ti ẹnìkejì ẹ̀. Méjèèjì á tutù bákan náà tí oòrùn bá ti wọ̀. Kódà tí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, wọ́n á tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká lọ, ìrì á sẹ̀ sí wọn lára, á máa kán tó, tó, tó létí òrùlé láàárọ̀ kùtù. Dúdú ò rí nǹkan kan jèrè lóru láti fi san gbèsè ọ̀sán.

AgbeOkeOgun (1:40 ọ̀sán)

Ẹ tún wo màlúù funfun àwọn Fúlàní. Irun ẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹ tú irun yẹn wò, awọ abẹ́ ẹ̀ dúdú. Irun ń ta oòrùn padà, awọ dúdú ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ èyí tó bá ráyè wọlé. Ó ti kan páànù tiẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

OniKorope (1:52 ọ̀sán)

Táńkì omi ń kọ́? Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe é ní dúdú? Omi tèmi lọ́sàn-án, a lè fi tẹ ẹ̀bà.

TisaFisiksi (2:03 ọ̀sán)

Kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọnú omi ni, tó bá wọ̀ ọ́, ewédò á hù síbẹ̀. Àwọ̀ dúdú tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà náà kì í jẹ́ kí oòrùn tètè jẹ ẹ́ kó sán. Ẹ kun ìta ẹ̀ ní funfun tí omi gbígbóná bá ń yọ yín lẹ́nu, inú á ṣì ṣókùnkùn.

OmoEbedi (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti dé pẹ̀lú èsì. Ìyàwó mi ní òun ò gba ti Franklin, ti Ìsẹ́yìn lòun fẹ́ fojú rí. Mo bá gba ègé páànù mẹ́rin lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n dọ́gba: ọ̀kan a kùn ní dúdú, ọ̀kan a kùn ní funfun lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan tuntun tó ń kọ mọ̀nà, ọ̀kan tó ti dógùn-ún tí a yọ lára ilé ìdáná àtijọ́. A gbé wọn lé orí búlọ́ọ̀kù kí abẹ́ wọn lè ṣófo. Mo fi òrí lẹ ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ wọn: tí òrí bá yọ́, ẹ̀pà á bọ́.

Ti Ọjọ́rú bàjẹ́. Kí aago mọ́kànlá tó lù, gbogbo ẹ̀pà ti bọ́, títí kan ti abẹ́ funfun. Ìyàwó mi ṣíjú wò mí, kò sọ nǹkan kan. Àṣé òrí ò lágbára, oòrùn àárọ̀ lásán lè yọ́ ọ. Adìẹ wá ṣa gbogbo ẹ̀rí jẹ.

Lánàá mo pààrọ̀ òrí, mo fi àbẹ́là lẹ̀ ẹ́, torí àbẹ́là fẹ́ ooru tó pọ̀ kó tó yọ́, ó máa ń lé ní 50°C. Mo so adìẹ mọ́lẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, dúdú ti sọ ẹ̀pà ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó dógùn-ún tẹ̀ lé e, kò pẹ́ rárá. Èyí tó ń kọ mọ̀nà dúró títí, mo ti ń rò pé Bàbá Káfíńtà ṣì wá, àfi gbì, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Ti abẹ́ funfun wà níbẹ̀ títí tí mo fi kó wọn wọlé láago márùn-ún. Ọmọ mi ló já a jẹ.

KafintaAgba (6:41 ìrọ̀lẹ́)

Mo ṣì wá kẹ̀? Èmi? 😂 Ẹ wo èyí tó dógùn-ún yẹn dáadáa o. Ẹ gun Mapó, kí ẹ wo Ìbàdàn láti òkè, gbogbo òrùlé àtijọ́ ibẹ̀ ló ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọjọ́ tí wọ́n kàn án, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún dé, ó ń dógùn-ún, ooru ń lé sí i, àwọn onílé á ní ayé ti ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ayé ń gbóná lóòótọ́, àmọ́ páànù wọn náà dá kún un.

BossAlumi (7:02 alẹ́)

Èmi náà ń tẹ̀ lé yín láti ẹ̀yìn. OmoEbedi, mo ní funfun o, mo sì ní èyí tó rí bíi wàrà. Kí n sọ òótọ́ kan tí kò ní ta ọjà fún mi: funfun máa ń dọ̀tí. Erùpẹ̀ ọyẹ́ á bà lé e, èéfín á bà lé e, nǹkan dúdú á máa ta sí i níbi tí ewé ń já bọ́ sí. Kò ní rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí o rà á.

TisaFisiksi (7:30 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ. Òrùlé tó ń ta ọgọ́rin padà ní tuntun lè wálẹ̀ sí nǹkan bí ọgọ́ta lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí a ò bá fọ̀ ọ́. Òjò ńlá á fọ̀ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n funfun tó dọ̀tí ṣì sàn fíìfíì ju dúdú tó mọ́ tónítóní lọ, dúdú tó bá sì dọ̀tí kò ní di funfun.

IyaElubo_Saki (7:44 alẹ́)

OmoEbedi, kí ni ìyàwó ẹ wí? Òun là ń retí.

OmoEbedi (8:19 alẹ́)

Ìyá wa, ó jókòó ti àwọn ègé páànù náà lánàá láti aago méjìlá, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí tuntun náà bọ́, ó fọwọ́ kan dúdú, ó yára fà á padà, ó wọlé lọ. Lálẹ́ ó ní ó dáa, kí a fi èyí tó rí bíi wàrà bolé. Káfíńtà á ṣí etí òrùlé sílẹ̀, á lu ihò sí gébù méjèèjì, á kan nẹ́ẹ̀tì sí i. Bébà alúmínìọ́mù á dúró dìgbà tí owó bá wọlé. Ṣùgbọ́n ó ní pátákó etí òrùlé, èyí tó yí ilé po, dúdú ni òun ń kùn ún, dúdú tó ń dán bíi ti Ìbàdàn, kò sì sí tíṣà tó lè dá òun dúró.

KafintaAgba (8:25 alẹ́)

Kó kùn ún. Ìyẹn náà á gbóná o, àmọ́ àdán nìkan ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀.